Alẹ́ Orin Ọkẹ́sítírà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni tí Kò Lọ Rí

Kí ni ọkẹ́sítírà gan-an?

Àwọn olórin tó ń fi ohun èlò sọ̀rọ̀ ni, tí wọ́n kóra jọ sábẹ́ olùdarí kan. Tí ó bá kún rẹ́rẹ́, wọ́n lè tó 80 sí 100 lórí pèpéle. Tó bá jẹ́ orin Haydn tàbí ti Mozart, àwọn méjì tó kọ orin láyé àtijọ́, ni wọ́n fẹ́ ṣe, nǹkan bí 40 ti tó.

Agbo mẹ́rin ni wọ́n. Àwọn olókùn ló pọ̀ jù, àwọn náà ló jókòó síwájú: fáólìnì tó pín sí ọ̀nà méjì, viola, cello, àti béèsì ńlá tó ga ju ẹni tó ń ta á lọ. Àwọn onífèrè igi ló tẹ̀ lé wọn: fèrè ìbú, oboe, clarinet, bassoon. Orúkọ igi ló ń jẹ́, àmọ́ irin ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ fèrè ìbú lóde òní. Lẹ́yìn wọn ni àwọn onífèrè idẹ: ìwo, tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, trombone àti tuba. Àwọn onílù ló wà lẹ́yìn pátápátá, ẹni tó bá sì jókòó síwájú wọn mọ ohun tí etí òun ń rí.

Ẹ lè máa wò ó pé kí ló dé tí fáólìnì fi lè tó 30 nígbà tí oboe kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Oboe kan ṣoṣo lè yọ láàárín gbogbo wọn bí ohùn ọmọ tó ń kiri ọjà. Fáólìnì kan kò lè dá irú ìyẹn ṣe nígbà tí idẹ bá ń ké. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn.

Kí ló mú orin kan jẹ́ "kílásíkà"?

Orúkọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ro ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Lẹ́nu àwọn onímọ̀ orin, ìgbà kílásíkà ni nǹkan bí 1750 sí 1820, ìgbà Haydn àti Mozart. Lẹ́nu àwa yòókù, gbogbo orin tí ẹnì kan jókòó kọ sílẹ̀ ohùn kan tẹ̀ lé òmíràn fún ọkẹ́sítírà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, láti orí Bach tó kú ní 1750 títí dórí ẹni tó kọ tirẹ̀ tán lánàá. Tí ìwé ìkéde bá ní "àkójọpọ̀ orin kílásíkà", ó túmọ̀ sí pé wọ́n á bu díẹ̀ níbí, wọ́n á bu díẹ̀ lọ́hùn-ún. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ní kí ẹni tí kò lọ rí kọ́kọ́ lọ. Bí ọ̀kan kò bá dùn mọ́ yín, òmíràn ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣé dandan ni kí n mọ ìwé orin kà?

Rárá. Ẹni tí kò mọ̀wé ń gbọ́ àlọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn. Bí ẹ bá fẹ́ múra sílẹ̀, ẹ wo orúkọ àwọn orin tó wà nínú ètò, ẹ wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dún lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ mìíràn. Lẹ́ẹ̀mejì ti tó. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí orin ọ̀hún bá yọjú, á dà bí ìgbà tí èèyàn rí ojúlùmọ̀ láàárín èrò.

Aṣọ wo ni kí n wọ̀?

Aṣọ tó mọ́, tó sì rọ̀ yín lọ́rùn. Àwọn olórin ni wọ́n fi dúdú ṣe dandan fún. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ra fún ni ohun tó ń dún àti ohun tó ga: ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń ró gbàn-ìn gbàn-ìn, bàtà tó ń han, àti ohun ìwérí tó máa sọ ẹni ẹ̀yìn yín di ẹni tó ń yọ́jú wòran.

Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó, kí ló sì máa ń tẹ̀ lé kí ni?

Nǹkan bíi wákàtí méjì, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 láàárín. Ètò tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n fi orin kúkúrú kan ṣílẹ̀kùn, èyí tí wọ́n ń pè ní overture, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Concerto á tẹ̀ lé e: ẹnì kan á máa lé, ọkẹ́sítírà á máa gbè é, fún bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn ìsinmi ni símfónì, iṣẹ́ ńlá tó sábà máa ń ní apá mẹ́rin. Alẹ́ àkójọpọ̀ kì í tẹ̀ lé ètò yìí tán. Wọ́n lè mú apá kan nínú símfónì yìí, orin ijó kan níbòmíràn, kí wọ́n so wọ́n pọ̀.

Bí wákàtí méjì bá ṣe yín bíi pé ó pọ̀, ẹ rántí àwọn tó lọ gbọ́ Beethoven ní Vienna lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 1808. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fi jókòó nínú gbọ̀ngàn tí òtútù ti gba inú rẹ̀ kan. Símfónì karùn-ún, símfónì kẹfà, concerto kẹrin fún píánò, àti àwọn mìíràn, alẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n fi kádìí rẹ̀ dàrú mọ́ àwọn olórin lọ́wọ́, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Ibo ló dára jù láti jókòó?

Kì í ṣe iwájú. Níwájú pátápátá, bàtà olórin ni ẹ ó máa wò, fáólìnì á sì bo gbogbo ohùn yòókù mọ́lẹ̀. Àárín gbọ̀ngàn ni ohùn ti ń pò pọ̀, tàbí iwájú àjà òkè.

Àmọ́ bí ìjókòó bá wà lẹ́yìn ọkẹ́sítírà, tó kọjú sí olùdarí, ẹ jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láyé yín. Idẹ á pọ̀ jù létí yín, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí ojú olùdarí, ohun tí àwọn tó kù kì í rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀, mo rí i tí olùdarí kò gbọ́wọ́, tí kò mi orí. Ìpéǹpéjú ló kàn gbé sókè díẹ̀, obìnrin tó gbé ìwo dání sì wọlé, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tipẹ́.

Tí mo bá pẹ́ dé ńkọ́?

Wọ́n á dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà títí orin kan á fi parí. Ẹ má bínú sí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Kí ni ariwo tí wọ́n máa ń pa kí orin tó bẹ̀rẹ̀?

Ariwo méjì ni. Èyí àkọ́kọ́ ni ti kálukú tó ń tún ibi tó le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn á pa lọ́lọ́, oboe á sì mú ohùn kan ṣoṣo jáde, tí wọ́n ń pè ní A. Gbogbo ẹgbẹ́ á wá mú ohùn wọn bá a mu.

Ohùn náà ń gbọn afẹ́fẹ́ nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwọ̀n tí ayé fẹnu kò lé lórí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọkẹ́sítírà Yúróòpù fẹ́ràn 442 tàbí 443. Oboe ló ni iṣẹ́ yìí nítorí pé ohùn rẹ̀ mú, ó sì ń dúró sójú kan. Tí píánò bá wà lórí pèpéle, píánò ló ń fún wọn ní ohùn, torí pé òun kò lè yí tirẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kí ni olùdarí ń ṣe gan-an? Ọwọ́ lásán ni mo rí pé ó ń jù.

Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti parí kí ẹ tó dé. Nígbà ìfidánrawò ló ti sọ ibi tí ó fẹ́ kó yá, ibi tí ó fẹ́ kó rọ̀, ẹni tí ó yẹ kí ohùn rẹ̀ borí, ẹni tí ó yẹ kó rẹra rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tó ṣí síwájú rẹ̀ nìkan ló ní ohùn gbogbo ènìyàn nínú. Olórin kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ nìkan ló ń rí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ ọ̀tún tó mú ọ̀pá ń ka ìlù, ọwọ́ òsì ń sọ pé "ẹ túbọ̀ kọ ọ́", "ẹ rọra", "ìwọ, ó yá". Ẹ ṣàkíyèsí pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú ohùn díẹ̀. Ohun tó ń bọ̀ ló ń fi hàn wọ́n, ohun tí ẹ ń gbọ́ lọ́wọ́ ti kọjá lójú tirẹ̀.

Ọ̀pá kékeré yẹn kò tíì pẹ́ láyé. Láyé Lully, olórin ọba Faransé, ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń lu ilẹ̀ láti ka ìlù. Ní 1687, Lully fi tirẹ̀ gún ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Egbò náà kẹ̀, òun ló sì pa á.

Ta ni ẹni tí olùdarí máa ń bọ̀ lọ́wọ́?

Aṣáájú àwọn onífáólìnì ni, ẹni tó jókòó sí ìjókòó àkọ́kọ́ lápá òsì olùdarí. Òun ló ń pinnu bí ọ̀pá fáólìnì á ṣe máa lọ sókè àti sísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọ̀pá 16 tó ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí ìyẹ́ ẹyẹ kan ṣoṣo.

Bí ẹ ti ń wò ó, ẹ tún wo àwọn olókùn dáadáa: méjì méjì ló ń pín ìwé orin kan lò. Nígbà tí ojú ìwé bá fẹ́ tán, ẹni tó wà nínú á gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò, á ṣí ìwé, á padà wọlé, nígbà tí ẹnì kejì ń ta lọ láì dúró. Ẹni tó bá mọṣẹ́ dáadáa kì í jẹ́ kí bébà náà dún.

Kí ni ìtumọ̀ "Op. 67", "K. 550" àti "Allegro" tí mo rí nínú ìwé ètò?

"Op." ni iṣẹ́, lédè Látìn. Op. 67 ni símfónì karùn-ún Beethoven, ìyẹn ni pé iṣẹ́ kẹtàdínláàádọ́rin tó ní nọ́ḿbà ni. Mozart kò fi nọ́ḿbà sí tirẹ̀ létòlétò, ó sì kú. Ọkùnrin kan ará Ọ́sítríà, Ludwig von Köchel, ló tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ tó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1862; lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ni K. yẹn. Ti Bach ni BWV.

Àwọn ọ̀rọ̀ Ítálì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń sọ bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe yá tó. Allegro yá, ara rẹ̀ sì yá gágá. Andante ń rìn bí ẹni tí kò kánjú. Adagio rọra. Presto ń sáré. Ẹ ka iye irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó wà lábẹ́ orin kan, ẹ ti mọ iye apá tó ní nìyẹn, ẹ ó sì nílò rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́ bá dé.

Ṣé kò sí makirofóònù ni?

Kò sí. Lọ́pọ̀ gbọ̀ngàn, igi, ògiri àti àjà ilé ni wọ́n fi ń gbé ohùn dé ọ̀dọ̀ yín. Ohùn fáólìnì tí ẹ ń gbọ́ níjìnnà réré yẹn, láti ara igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló ti wá, láìsí iná mànàmáná kankan láàárín yín.

Gbogbo òfin tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù níbi orin yìí, orí ọ̀rọ̀ kan yìí ló dúró lé. Wọn kì í ní kí ẹ dákẹ́ nítorí pé ẹ wà níwájú àwọn ọlọ́lá. Tí clarinet bá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi tí ó kù díẹ̀ kó má dún mọ́, ọ̀rá súìtì tí ẹ ń já á borí rẹ̀ ní gbọnrangandan.

Ikọ́ ń ṣe mí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi áńkáṣíìfù bo ẹnu kí ẹ wú u, tàbí kí ẹ dúró de ibi tí ìlù àti idẹ ti ń ké. Láàárín apá kan sí èkejì, ẹ ó gbọ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn á bú sí ikọ́ pọ̀. Àwọn tó ti ń pa á mọ́ra nìyẹn, ẹ dara pọ̀ mọ́ wọn.

Tí ẹ bá mú súìtì ọ̀fun dání, ẹ já ọ̀rá rẹ̀ kúrò kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan gbà pé bí àwọn bá rọra ń já a, kò ní dún. Irọ́ ni. Ariwo ìṣẹ́jú àáyá méjì ni wọ́n wá fà gùn di ìdajì ìṣẹ́jú.

Fóònù ńkọ́?

Ẹ pa á pátápátá. Èyí tó ń gbọ̀n nínú àpò náà ń dún, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń gún ẹni ẹ̀yìn yín lójú.

Ìgbà wo ni kí n pàtẹ́wọ́?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí. Ìdáhùn kúkúrú: nígbà tí orin bá parí pátá, kì í ṣe nígbà tí apá kan bá parí. Bí ẹ kò bá mọ èwo ni èwo, ẹ wo ọwọ́ olùdarí. Bí ó bá ṣì wà lókè, orin ń lọ lọ́wọ́, bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Bí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀ tó yíjú sí yín, ó ti tán.

Ibi kan wà tó máa ń mú gbogbo wa. Apá kẹta símfónì kẹfà Tchaikovsky parí pẹ̀lú idẹ, ìlù àti aro (àwo idẹ méjì tí wọ́n ń gbá pọ̀), bíi pé ogun ti ṣẹ́. Mo pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, èmi àti bí ogún ènìyàn mìíràn, ojú sì tì mí. Kò yẹ kó tì mí tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀tàn ibẹ̀ pọ̀. Apá kẹrin ṣẹ́ kù, ó rẹlẹ̀, ó sì kún fún ìbànújẹ́, àwọn béèsì ló ń gbé e lọ títí yóò fi kú sábẹ́ ọwọ́ wọn. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1893 ni Tchaikovsky fúnra rẹ̀ darí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní St. Petersburg, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ó kú. Níparí orin yìí, ẹ má ṣe jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀.

Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń dákẹ́ láàárín orin. Ní oṣù Keje 1778, Mozart kọ̀wé láti Paris sí bàbá rẹ̀, ó ń yangàn pé ibì kan wà láàárín apá àkọ́kọ́ símfónì òun tí òun mọ̀ pé yóò dùn mọ́ wọn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Ní 1813, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe símfónì keje Beethoven, àwọn èrò ní kí wọ́n tún apá kejì ṣe kí wọ́n tó máa lọ, wọ́n sì tún un ṣe.

Kí ló dé tí ẹnì kan máa ń jókòó lásán lẹ́yìn fún nǹkan bí ìdajì wákàtí?

Kò jókòó lásán. Ó ń ka ìlù. Ẹ wo ètè rẹ̀.

Símfónì kẹsàn-án Dvořák, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní New York ní oṣù Kejìlá 1893, ní aro méjì nínú, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni aro náà dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní apá kẹrin, kò tilẹ̀ pariwo. Tuba inú rẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan àfi ní apá kejì, ohùn díẹ̀ ló sì ní níbẹ̀. Bí fáólìnì kan bá ṣìnà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù á bò ó láṣìírí. Aláro tó bá ṣìnà, kò síbi tó máa sá sí. Èmi gbà pé iṣẹ́ tirẹ̀ le ju bó ṣe rí lójú lọ.

Láàárín concerto, ọkẹ́sítírà dákẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ń ta lọ. Ṣé wọ́n gbàgbé ni?

Wọn kò gbàgbé. Cadenza ni wọ́n ń pe ibẹ̀, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún alélé láti fi gbogbo ohun tó mọ̀ hàn. Láyé Mozart, lójú ẹsẹ̀ ni olórin máa ń hun ún. Lónìí, ọ̀pọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dé. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn méjì tó sún mọ́ra ń gbọ̀n lé ara wọn lórí, tó ń yára, tó ń gùn, àmì nìyẹn pé ó ń pè wọ́n padà. Olùdarí náà á ti gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

Bí oorun bá gbé mi lọ ńkọ́?

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, àfi bí ẹ bá ń hanrun. Haydn pàápàá mọ̀ pé oorun ń kun àwọn èèyàn. Nínú símfónì kẹrìnléláàádọ́rùn-ún rẹ̀, tí wọ́n ṣe ní London ní 1792, apá kejì bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, orin tí ọmọdé lè kọ. Wọ́n tún un ṣe, ó tún rọlẹ̀ sí i. Àfi gbì! Gbogbo ọkẹ́sítírà pẹ̀lú ìlù. Bí ẹ bá mú ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lọ, ẹ wo ejìká rẹ̀, ẹ má wo pèpéle.

Ṣé mo lè mú ọmọdé lọ?

Ẹ wo ìwé ètò, torí àwọn gbọ̀ngàn kan ní iye ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alẹ́ àkójọpọ̀ tí orin rẹ̀ kúkúrú, ẹ jókòó sétí ọ̀nà, kí ẹ sì máa lọ ní àkókò ìsinmi bí ó bá ti sú u.

Wọ́n ti parí, àmọ́ olùdarí ń jáde, ó ń wọlé, ó tún ń jáde. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Bí àtẹ́wọ́ bá ṣì ń lọ, ó gbọ́dọ̀ padà wá dúpẹ́. Á nawọ́ sí àwọn tó dá ta, wọ́n á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn onífáólìnì bá ń fi ọ̀pá wọn kan ibi tí wọ́n ń gbé ìwé lé, tàbí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, àtẹ́wọ́ tiwọn nìyẹn, nítorí pé ọwọ́ wọn dí. Bí ayẹyẹ náà bá le, wọ́n lè fi orin kúkúrú kan ṣe èènì. Kì í sí nínú ìwé ètò, nítorí náà ẹ má sáré jáde.

Ṣé aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó kọ irú orin yìí?

Wọ́n wà, ó sì ti pẹ́. Joseph Bologne, tí wọ́n ń pè ní Chevalier de Saint-Georges, ni wọ́n bí ní Guadeloupe ní 1745, ẹrú ni ìyá rẹ̀. Ó mọ idà jù ní Paris, ó tún mọ fáólìnì ta. Ọkẹ́sítírà tó ń darí ni wọ́n ní kí Haydn kọ símfónì mẹ́fà fún, tí ayé ń pè ní símfónì Paris dòní. Samuel Coleridge-Taylor, ọmọ dókítà kan láti Sierra Leone, lókìkí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1898. Ní 1933, ọkẹ́sítírà ìlú Chicago ṣe símfónì Florence Price, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ọkẹ́sítírà ńlá Amẹ́ríkà máa ṣe símfónì rẹ̀.

Fẹlá Ṣówándé tí wọ́n bí ní 1905 kọ African Suite ní 1944, fún àwọn olókùn. Bí ẹ bá rí orúkọ rẹ̀ nínú ètò, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá lórí yín. Ó máa ń ṣe mí bákan láti gbọ́ cello tó ń sọ ohun tí etí mi ti mọ̀ láti kékeré.

Mo lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Kí ni mo tún ń wá lọ síbẹ̀?

Ẹ gbọ́ Boléro tí Ravel kọ ní 1928 lórí fóònù, kí ẹ tún lọ gbọ́ ọ lójúkojú. Lórí fóònù, ẹ ó gbé ohùn sókè níbẹ̀rẹ̀ torí pé ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níparí torí pé ó ń fọ́ yín létí. Ẹ ti ba orin náà jẹ́ nìyẹn. Bó ṣe ń ga láti ìsàlẹ̀ dé òkè, láì sinmi, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ni gbogbo ìtàn rẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn, ẹ wo onílù kékeré tó wà níbẹ̀. Ìlù kan náà ló ń lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí àyípadà, kò sí ìsinmi. Níbẹ̀rẹ̀, ṣóńṣó ọ̀pá rẹ̀ kò ju ìwọ̀n èékánná lọ sókè awọ ìlù. Àwọn mìíràn ń wọlé, wọ́n ń jáde, òun wà níbẹ̀. Tó bá fi máa parí, òógùn á ti bo iwájú orí rẹ̀.

Ṣé mo lè sọ pé orin kan kò dùn?

Ẹ lè sọ ọ́, lẹ́yìn tó bá parí. Ní Paris, lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1913, wọn kò dúró dìgbà tó parí. Orin ijó tí Stravinsky kọ, The Rite of Spring, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, ariwo àwọn òǹwòran sì pọ̀ débi pé àwọn oníjó kò gbọ́ ọkẹ́sítírà mọ́. Ẹni tó kọ́ wọn níjó ń ti ẹ̀gbẹ́ pèpéle pariwo kíka fún wọn. Lónìí, kò sí ọkẹ́sítírà ńlá tí kò ní in nínú ohun tó ń ṣe. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó bá kọ ẹ̀yin létí ló máa di òkìkí lọ́la. Òmíràn wà tó jẹ́ pé kò dùn náà ni.

Wọ́n ní orin kan wà tí wọn kì í lu nǹkan kan nínú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. John Cage, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ ní 1952. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 33 ni, orúkọ tó ń jẹ́ náà nìyẹn, ó sì ní apá mẹ́ta. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, nítòsí Woodstock ní ìpínlẹ̀ New York, onípíánò jókòó, ó pa ìdérí píánò dé láti bẹ̀rẹ̀ apá kan, ó ṣí i láti parí rẹ̀, kò sì tẹ ohùn kankan. Ọkẹ́sítírà náà ń ṣe é: olùdarí á gbé ọ̀pá, àwọn olórin á gbé ohun èlò, wọ́n á sì dákẹ́.

Àwọn kan ń bínú sí i pé ẹ̀tàn ni. Bí ẹ bá bá a pàdé nínú ètò, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ tẹ́tí. Ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń mí ní ẹ̀gbẹ́ yín, àga tó ń han lọ́hùn-ún, ikọ́ kan tí wọ́n ń pa mọ́ra, àti níkẹyìn, láti òkè àjà, ẹni tó ń rọra já ọ̀rá súìtì.